Duchenne, dókítà tó ń fi iná mànàmáná jí iṣan

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn nílé, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, tí iná rẹ̀ máa ń mú kí iṣan fò pìrì-pìrì. Àwọn tó ń tà á á ní ó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ tó yọwó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹni tí irú iṣẹ́ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ gbilẹ̀ fún yín.

Guillaume Duchenne ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Boulogne-sur-Mer, létí òkun nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí ní 1806. Iṣẹ́ ojú omi ni ìdílé wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n ìṣègùn ló wù ú. Ó gboyè dókítà ní 1831, ó padà sílé, ó gbéyàwó. Ìyàwó bí ọmọkùnrin kan, ibà tó máa ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ sì pa á. Duchenne nìkan ló gbẹ̀bí rẹ̀, ni àwọn àna bá ń sọ kiri pé òun ló fà á. Ọmọ náà kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún dókítà nílùú kékeré.

Ní 1842, ó kó lọ sí Paris. Kò ní ipò gidi ní ilé ìwòsàn kankan. Ó kàn ń gbé ẹ̀rọ iná rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, àwọn kan sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́rẹ́ ni òun náà kọ́kọ́ ń gún wọ ara kí iná lè dé inú iṣan. Nígbà tó yá, ó rí i pé tí òun bá gbé ohun èlò iná tó tutù fún omi lé awọ ara, iná á bá iṣan kan ṣoṣo tí òun fẹ́, láìgún aláìsàn rárá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1855.

Ní 1868, ó ṣàlàyé àìsàn ọmọdé kan tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní: iṣan ẹ̀yìn ojúgun ọmọkùnrin á tóbi, síbẹ̀ kò ní lágbára, á máa fi ọwọ́ ti itan kó tó dìde. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá rí èyí, ẹ má pe ọmọ lọ́lẹ. Ẹ gbé e wá.

Jean-Martin Charcot, tó ka Duchenne sí olùkọ́ rẹ̀, ṣàlàyé ní 1858 nípa ọkùnrin kan tí òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dí pátápátá. Tó bá rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa ro ó. Tó bá sinmi, á lọ. Tó bá tún rìn, á padà. Àwọn bàbá wa tó ń sọ báyìí pọ̀, a sì ń pè é ní làkúrègbé.

Duchenne kú ní 1875. Ọmọ rẹ̀ ti padà wá bá a, wọ́n sì ti jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ ọjà wá ń kọ́? Òótọ́ ni pé iṣan tó bá ń fún máa ń ti ẹ̀jẹ̀ gòkè, ó sì máa ń béèrè ẹ̀jẹ̀ sí i. Ìwádìí kéékèèké kan fi hàn pé ó lè jẹ́ kí àwọn aláìsàn kan rìn jìnnà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iná kò lè la òpó tó ti dí. Ìrìn ojoojúmọ́, kí wọ́n rìn títí ẹsẹ̀ á fi ro wọ́n, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún rìn. Kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá. Kí wọ́n lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé: ìwọ̀nyí ni mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ má gbé e lé ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú àyà tó ń bá ọkàn rẹ̀ lù, aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, tàbí orí egbò, láìrí dókítà. Ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà tó ti kú tipiri lè jó kó má mọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá sì ṣàdédé tutù, tó funfun, tó ń dùn gan-an tàbí tí kò ṣeé gbé, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní wákàtí yẹn gan-an, torí ó lè má ju wákàtí mélòó kan lọ tí ẹsẹ̀ fi máa kú.