Corrie ten Boom àti Ògiri Inú Yàrá Rẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1892 ni a bí Cornelia ten Boom, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Corrie, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Iṣẹ́ agogo títúnṣe ni Casper bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ìlú Haarlem. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, ìdílé sì ń gbé lókè. Corrie kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1922, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a fún ní ìwé àṣẹ láti máa tún agogo ṣe ní ilẹ̀ náà. Kò lọ́kọ. Òun àti Betsie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú bàbá wọn, a sì máa ń ka Bíbélì nínú ilé náà lójoojúmọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Hitler láti Jámánì gba Họ́láńdì. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyà àwọn Júù fi bẹ̀rẹ̀. A lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba; ní ọdún 1942 a fi ipá mú wọn rán ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ; lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí a ti ń pa wọ́n. Nínú nǹkan bí 140,000 Júù tí ń gbé ilẹ̀ náà, àwọn tí kò padà bọ̀ lé ní 100,000.

Ní ọdún 1942 yìí ni obìnrin Júù kan kan ilẹ̀kùn ilé alágogo, àpótí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. A ti mú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti padà sílé. Bàbá Casper, tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, ní kí ó wọlé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò jẹ? Oúnjẹ kò ṣeé rà láìní káàdì, kò sì sí káàdì fún Júù tí ó sá pamọ́. Corrie lọ bẹ ẹnìkan tí ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń pín in. Ó ròyìn nínú ìwé rẹ̀ pé márùn-ún ni òun fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n 100 ni ẹnu òun sọ.

Lẹ́yìn èyí ni a mọ ògiri bíríkì sí ẹ̀yìn yàrá Corrie, ní òkè pátápátá. Àyè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ ní ìbú. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni a ti ń rá wọ ibẹ̀, a ó sì ti pákó padà. Bí bẹ́ẹ̀lì bá dún, olúkúlùkù a kó àwo àti aṣọ rẹ̀, a sì yí ibùsùn dà kí ọlọ́pàá má baà bá a ní lílọ́wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ṣe ìdánrawò títí wọ́n fi lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀.

Obìnrin Júù kan wà tí ó ní ikọ́ fée. Àwọn ilé mìíràn kò gbà á, nítorí mímí rẹ̀ ń dún ketekete. Corrie kò dá ìpinnu ṣe. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú àwọn tí ó ti wà ní ìpamọ́, nítorí ẹ̀mí tiwọn ni. Wọ́n ní kí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ irọ́ wá ńkọ́? Nollie, ẹ̀gbọ́n Corrie mìíràn, tọ́jú ọmọbìnrin Júù kan sílé. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè bóyá Júù ni, Nollie sọ òótọ́, a sì kó àwọn méjèèjì lọ. Corrie bínú gidigidi. Ní tirẹ̀, a máa ń jí i lójijì lóru, a ó sì bi í pé níbo ni àwọn Júù wà, kí ó lè mọ irọ́ pa bí oorun tilẹ̀ wà lójú rẹ̀. Corrie ròyìn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀ yọ ọmọbìnrin náà jáde. Àwọn onígbàgbọ́ ṣì ń jiyàn lórí èyí. Lójú tèmi, apànìyàn kò ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn tí Nollie fún un, kí a sì rántí Ráhábù lórí òrùlé rẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè pe Nollie ní òmùgọ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1944, ẹnìkan tú àṣírí wọn. Àìsàn dá Corrie dùbúlẹ̀ nígbà tí àwọn mẹ́fà sáré gba yàrá rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn ògiri, Júù mẹ́rin àti ọmọ Họ́láńdì méjì, obìnrin oníkọ́ fée pẹ̀lú. Wọ́n lù ú, kò jẹ́wọ́. Wọ́n wá gbogbo ilé, wọn kò rí ibẹ̀. Ó tó wákàtí 47 kí àwọn ọlọ́pàá Họ́láńdì kan tí í ṣe ọ̀rẹ́ tó tú wọn sílẹ̀, gbogbo wọn sì jáde láàyè. Obìnrin oníkọ́ fée náà ni a tún mú ní òpópó lẹ́yìn oṣù díẹ̀; òun kò bọ́.

Bàbá Casper kú lẹ́wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ 10, ní ẹni ọdún 84. Betsie kú ní àgọ́ ìjìyà Ravensbrück ní oṣù kejìlá. Ní òpin oṣù kan náà ni a dá Corrie sílẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé àṣìṣe akọ̀wé ni. Ó ṣí ilé ìtọ́jú fún àwọn tí ogun bà jẹ́, ó sì rin orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 60. Ní ọdún 1967 Ísírẹ́lì bu ọlá fún un. Ó kú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1983, ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 91.

Ilé alágogo náà ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ti lu ihò sára ògiri bíríkì náà, kí àlejò lè rí bí àyè náà ti há tó fún ènìyàn mẹ́fà.