Ismaila al-Jazari, Aláago Ìlú Amid

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá padà wá kí wa, agogo ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àwọn tí ó ti Lálúpọn, Mọ́níyà, Ẹ̀rúnmu àti Akanran wá sọ́dọ̀ wa mọ̀ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró rẹ̀, àkùkọ, òjìji ara wọn àti ariwo ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ń mọ àkókò. Baba tí ó ń roko kò wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì mọ̀ bóyá ìyálẹ̀ta ni tàbí ọ̀sán ti pọ́n. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò ya ohun tí a ń lù kúrò lára ohun tí a fi ń ka wákàtí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni agogo àti aago. Nínú ìwé ìrántí yìí, a yàn láti ròyìn ọkùnrin kan tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, tí aago rẹ̀ ń lu agogo fúnra rẹ̀.

Ismail al-Jazari ni orúkọ rẹ̀. Ismaila ni àwọn aládùúgbò wa ń pe orúkọ náà. Iṣmaeli ni Bíbélì wa pè é. Mùsùlùmí ni. Ilé tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ kò ti jọ ń gbé pọ̀ kò wọ́pọ̀ ní agbègbè wa, nítorí náà a kò rò pé ó yẹ kí a wí àwíjàre kan kí a tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ilé-ìwé ìjọ. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìdílé oníṣòwò ìrẹsì ni ó ti wá. Al-Jazari ní tirẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ tí ó wà láàrin Hiddekeli àti Euferate, àwọn odò tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ti gbọ́ nípa wọn nínú ìtàn ọgbà Edeni. Etí Hiddekeli ni ìlú Amid wà. Diyarbakir ni wọ́n ń pè é lónìí, ní ilẹ̀ Tọ́kì.

Ìdílé ọba Artuqid ni ó sìn fún nǹkan bí ọdún 25: ó sin baba, Nur al-Din Muhammad, ó sin ọmọ, Qutb al-Din Sukman, ó sì tún sin ọmọ kejì, Nasir al-Din Mahmud. Ìgbà ogun ni ìgbà náà. Ní 1183 ni Saladin gba Amid tí ó sì fi í lé Nur al-Din lọ́wọ́. Ní 1187 ó gba Jerusalẹmu lọ́wọ́ àwọn Krístẹ́nì tí wọ́n ti Yúróòpù wá. Idà àti odi ìlú ni àwọn òpìtàn ń kọ̀wé lé lórí. Bàbà, ìda, okùn àti omi ni iṣẹ́ al-Jazari dá lé.

Kí a tó lè mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó, ó yẹ kí a rántí irú wákàtí tí wọ́n ń kà. Nínú òwe àwọn alágbàṣe ọgbà àjàrà, baálé ilé jáde ní wákàtí kẹta, ó jáde ní ìkẹfà àti ìkẹsàn-án, ó sì tún jáde ní ìkọkànlá. Láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n pín sí ọ̀nà 12, ìbáà jẹ́ pé ojúmọ́ gùn tàbí ó kúrú. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò ní Amid ní ayé al-Jazari. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ojúmọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún kò fi odindi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ lọ, nítorí náà ìnira náà ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sí wa. Ní Amid, ojúmọ́ oṣù kẹfà ń sún mọ́ wákàtí 15 ti òde òní, ti oṣù kejìlá sì jẹ́ nǹkan bíi mẹ́sàn-án àbọ̀. Aago tí yóò bá sọ òótọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ìrìn rẹ̀ padà lójoojúmọ́.

Omi ni ó sì ń rin aago náà. Ẹni tí ó bá ti ru korobá jíjò láti odò dé ilé mọ̀ pé bí omi bá kún, ó ń tú jáde gidigidi. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ó di kíkán tó, tó. Al-Jazari fi ìkòkò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ àmù ńlá, ó fi ohun tí ó léfòó sínú rẹ̀. Bí omi bá gòkè jù, ohun náà á dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí ó bá sọ̀, á ṣí i. Báyìí ni omi inú ìkòkò náà fi ń dúró lójú kan, tí ìtújáde rẹ̀ kò sì yí padà. Lẹ́yìn náà ni ó wá wá ọ̀nà tí a ó fi máa gbé ihò ìtújáde náà sókè tàbí sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ inú ọdún. Àwọn aṣáájú ti fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní ti Archimedes, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ni ọ̀kan nínú wọn. Al-Jazari dán an wò. Kò péye. Orúkọ ńlá tí ó wà lára rẹ̀ kò dí i lójú. Ó ṣe tirẹ̀, ó sì ń fi ìdánwò pààlà sí i lára títí ó fi péye. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò bá tíì dán wò, àárín òtítọ́ àti irọ́ ni ó wà.

Lára ìyẹn ni aago odi rẹ̀ ti jáde, tí ó ga ju mítà mẹ́ta lọ. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn kan á ṣí, àṣá méjì á sì tu ọta sínú ìkòkò. Ní wákàtí kẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá, àwọn onílù àti afunfèrè onígi á dá orin sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago erin ni ayé mọ̀ jù. Nínú ikùn erin náà ni àmù omi wà. Igbá bàbà kan léfòó lójú omi, ihò kékeré sì wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ahá lílu ṣeré lójú odò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, títí igbá yóò fi rì. Al-Jazari wọn ihò náà tó bẹ́ẹ̀ tí rírì rẹ̀ fi ń gba ààbọ̀ wákàtí, kò dín, kò lé. Bí ó ti ń rì, okùn ń yí akọ̀wé kan tí ó jókòó lórí erin, kálàmù ọwọ́ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí bí àkókò ti lọ tó. Nígbà tí igbá bá rì tán, ọta kan á yọ lókè, ẹyẹ orí òrùlé á súfèé, àṣá á ju ọta náà sẹ́nu ejò ńlá kan. Ìwúwo ọta á tẹ ejò síwájú, ejò á sì tu ú sínú ìkòkò. Ẹni tí ó ń da erin á gbé òòlù sọ erin lórí, aro á sì dún. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé bí ejò ti ń tẹ̀ síwájú ni ó ń fa igbá jáde kúrò nínú omi. Igbá á dà nù, á tún léfòó, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀.

Ó ṣe aago onífìtílà ìda mẹ́rin. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń bu omi fún ọba láti wẹ ọwọ́, nítorí pé ọba kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ máa da omi sí òun lọ́wọ́. Àwọn ohun ìmutí tí ó ṣe fún àríyá ààfin pọ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ. A fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tí yóò wu àwọn òbí wa tí ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò ni ẹ̀rọ kan tí àgbá odò ń yí, tí ó ń ti ọ̀pá méjì síwá sẹ́yìn nínú ihò bàbà, kí èkíní máa fa omi nígbà tí èkejì ń tì í sókè.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ni Nasir al-Din Mahmud pè é, tí ó sì sọ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí làálàá rẹ̀ ṣègbé, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. A bẹ̀ yín, ẹ fi èyí wé ohun tí ojú wa ń rí. Alágbẹ̀dẹ mélòó ní àwọn abúlé wa ni ó ti kú pẹ̀lú ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bi í léèrè, tàbí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ fi ṣe awo? Al-Jazari kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ṣàpèjúwe ẹ̀rọ 50, ó ya àwòrán wọn, ó sọ ìwọ̀n, ó sọ bí a ti ń dà bàbà àti bí a ti ń so ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un ṣe. Ní 1206 ni ó parí ìwé náà. Wọ́n ní ọdún náà ni ó kú.

Ẹ̀dà kan tí wọ́n fi ọwọ́ dà kọ lọ́dún 1206 yẹn ṣì wà ní Istanbul. Ewé kan nínú ẹ̀dà ti 1315, tí aago erin wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ mèremère, wà ní New York. Ní 1974 Donald Hill túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn oníṣẹ́ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́ aago odi náà bí ó ti ga tó gan-an, ó sì ṣiṣẹ́.