Isaac Babalọlá Thomas

Isaac Babalọlá Thomas (1888–1963), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí I. B. Thomas, jẹ́ oníròyìn, olóòtú àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Èkó. Òun ni ó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀. Òun náà ni ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá, aṣẹ́wó kan tí àìsàn àti òṣì dá gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ìwé yìí sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Iṣẹ́ ìròyìn

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ìwé ìròyìn elédè Yorùbá gbèrú ní Èkó. Adéoyè Dẹ́nigà gbé Èkó Àkéte jáde ní ọdún 1922, E. A. Akíntàn sì gbé Elétí Ọfẹ jáde ní ọdún 1923. Ní ọdún 1928 ni Thomas bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwé ìròyìn náà ń jáde. Èdè Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní abala Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Thomas tún kọ ìwé lórí ìgbésí ayé Herbert Macaulay.

Ìtàn Sẹ̀gilọlá

Láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, Akéde Èkó ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, tí obìnrin kan kọ sí olóòtú láti orí ibùsùn àìsàn. Obìnrin náà fi orúkọ rẹ̀ gan-an pamọ́, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ pẹ̀lú ìkìlọ̀, bí ó ṣe wọlé ọkọ, bí ó ṣe ń yan àlè káàkiri, àti bí ẹwà rẹ̀ ṣe ṣá tí àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà adùn sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kí wọ́n má ṣe tọ ọ̀nà tí òun tọ̀.

Thomas fara hàn gẹ́gẹ́ bí olóòtú tí ó kàn ń gba lẹ́tà. Nítorí pé orúkọ àdúgbò Èkó àti orin ìgbà náà kún inú ìtàn náà, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Wọ́n kọ̀wé sí Akéde Èkó láti bá a kẹ́dùn, àwọn mìíràn sì fi owó ránṣẹ́. Báyìí ni ẹni tí àwùjọ ì bá kọ ẹ̀yìn sí lójú pópó ṣe rí àánú gbà nínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1930 kan náà, wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé.

Ojú ìwé méjì

Ẹnu Sẹ̀gilọlá ni ìtàn náà ti jáde, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó di kálámù mú. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi pín sí méjì. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ ó ń rántí aṣọ, ijó àti ìfẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú tí ìkìlọ̀ kò lè bò mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá a jayé kò jìyà tó ìyà tí ó jẹ.

Ipa rẹ̀

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìwé yìí ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Inú igbó àwọn iwin ni ọdẹ Fágúnwà lọ; ní ti Thomas, àárín ìgboro Èkó ni ó ti rí ìtàn tirẹ̀. Thomas kú ní ọdún 1963. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún ìtàn Sẹ̀gilọlá gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àlàyé.