Isidor Rabi: Ẹni tó lànà wíwo inú èso láì gé e, àti inú ara láì lo abẹ

Ẹ̀yin òbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ra máńgòrò tó ń dán rí, tí kò ní ojú ọgbẹ́ kankan, kí ẹ gé e tán, kí ẹ wá bá kòkòrò nínú kóró rẹ̀. Ìgbà tí èso náà ṣì kéré ni kòkòrò yẹn ti wọlé, ojú ibi tó gbà sì ti jiná kí máńgòrò tó pọ́n. Ì báà jẹ́ àdúgbò Kalikak ní Libreville lẹ ń gbé, ì báà jẹ́ Ìbàdàn, ojú kì í rí inú. Bí orí bá wá ń fọ́ ọmọ láìdẹwọ́, tí dókítà ní kẹ́ ẹ lọ fi ẹ̀rọ MRI wò ó, ẹ̀rù lè máa bà yín pé ẹ̀rọ náà á pa ọmọ lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Isidor Rabi.

Ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1898 ni wọ́n bí i ní Rymanów, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tó ti di ti Poland lónìí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e dé New York. Ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ kò tó nǹkan. Bàbá rẹ̀ ránṣọ, lẹ́yìn náà ó ní ìsọ̀ oúnjẹ. Àwọn ìyá yòókù ládùúgbò máa ń bi ọmọ wọn ní ohun tó kọ́ níléèwé. Ohun tí ìyá Rabi máa ń bi í ní tiẹ̀ ni bóyá ó béèrè ìbéèrè tó dáa lọ́jọ́ náà. Rabi gbà pé ìyẹn ló sọ òun di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. (Ẹ dán an wò lálẹ́ òní.)

Kò tètè rí ọ̀nà rẹ̀. Kẹ́mísírì ló kọ́ ní Cornell, ó parí ní 1919, kó tó wá gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní Columbia ní 1927. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Otto Stern ní Hamburg, ó sì padà sí Columbia ní 1929.

Ní nǹkan bí 1937 sí 1938 ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ wáyé. Kóró inú àwọn átọ́ọ̀mù kan ń ṣe bí òòfà kékeré. Rabi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé bí wọ́n bá fi wọ́n sínú agbára òòfà ńlá, tí wọ́n sì rán ìgbì rédíò tó bá wọn mu sí wọn, wọ́n á yí padà. Bí ìgbì náà kò bá bá wọn mu, wọn kì í dáhùn. Ẹ rò ó bí ìlù: ẹni tí onílù bá ki ló ń jó. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1944.

Felix Bloch àti Edward Purcell ló mú un dé ara omi àti ohun líle ní 1946. Ní 1973, Paul Lauterbur sọ ìdáhùn náà di àwòrán. Ara ohun tó kọ́kọ́ yà ni ata tútù, àti ẹ̀dá òkun kékeré kan nínú ìkarawun tí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣà ní etíkun.

Omi ló pọ̀ jù nínú èso, òun náà ló pọ̀ jù nínú ara wa. Kóró haidirójìn inú omi yìí ló ń dáhùn. Níbi tí ẹran èso bá ti ń bàjẹ́, omi á jò kúrò ní ààyè rẹ̀, ìdáhùn á yàtọ̀, ẹ̀rọ á sì yà á jáde. Àwọn olùwádìí ti fi rí ibi tó ń dúdú nínú ápù tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Wọn ò gé e, èso náà sì ṣeé jẹ lẹ́yìn náà. Àmọ́ owó ẹ̀rọ náà ti ga ju ti ọjà lọ, àwọn ìyálọ́jà wa ṣì ń fi ọwọ́ tẹ èso wò.

MRI kì í lo irú ìtànṣán tí X-ray ń lò. Irin ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà, píìnì irun àti owó wẹ́wẹ́ kúrò lára ọmọ, àti lára ẹni tó bá tẹ̀ lé e wọlé. Sílíńdà ọ́síjìn lásán lè fò mọ́ òòfà náà, kó sì pa èèyàn. Bí irin iṣẹ́ abẹ tàbí ẹ̀rọ amọ́kàn-ṣiṣẹ́ bá wà lára aláìsàn, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ béèrè ohun ìdítí. Ọmọ kékeré tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ lè gba oògùn oorun. Ẹ bi dókítà.

Rabi fúnra rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ yìí nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun kò ronú rí pé iṣẹ́ òun á débẹ̀. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 11, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1988, lẹ́ni ọdún 89.