HUMPHRY DAVY, ẸNI TÍ Ó RÍ IRIN NÍNÚ ẸFUN

Bí a bá mú ìkarahun ìgbín, tí a mú èèpo ẹyin adìẹ, tí a sì mú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ohun kan náà ni a óò bá nínú gbogbo wọn. Ohun náà wà nínú egungun àti eyín wa pẹ̀lú. Kálísíọ̀mù ni orúkọ rẹ̀. Láti ayébáyé ni ọmọ ènìyàn ti ń lò ó láìmọ̀ ọ́n. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa sun irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú iná ńlá títí yóò fi di ẹfun, wọn a sì fi ẹfun náà mọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí ẹni tí ó rí irin tí ó fara pamọ́ sínú ẹfun náà títí di ọdún 1808, nígbà tí ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tú àṣírí rẹ̀. Humphry Davy ni ọkùnrin náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1778 ni a bí i ní Penzance, ìlú kékeré kan létí òkun ní Cornwall. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Iṣẹ́ ọ̀nà gbígbẹ́ sára igi ni baba rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí Davy wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹja pípa àti ìtàn pípa fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ràn jù. Ní ọdún 1794 baba rẹ̀ kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀ fún opó àti àwọn ọmọ. Ìyá rẹ̀ ṣí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta fìlà obìnrin, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà náà ni ojú Davy là. Ní ọdún 1795 ó di ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan tí ó ń po oògùn ní ìlú wọn. Ó ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkòkò àti ìgò oògùn dán oríṣiríṣi nǹkan wò.

Ní ọdún 1798, Oníṣègùn Thomas Beddoes pè é lọ sí Bristol, láti wádìí bóyá afẹ́fẹ́ oríṣiríṣi tí a bá fà símú lè wo àrùn. Ara rẹ̀ ni Davy fi ń dán àwọn afẹ́fẹ́ náà wò. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òmíràn a máa mú kí ènìyàn rẹ́rìn-ín, kí ìrora sì kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1800 Davy kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ yìí wúlò bí a bá fẹ́ fi abẹ gé aláìsàn. Wọn kò kọbi ara sí i. Fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ ni àwọn oníṣègùn ṣì ń gé ènìyàn láìsùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ní ọdún 1801 Davy lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ni ní Royal Institution. Ní àkókò náà, bátìrì tí Volta ará Ítálì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Davy ronú pé bí agbára mànàmáná bá lè pín omi sí méjì, ó lè tú àwọn ohun mìíràn tí iná kò lè tú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1807 ó fi í tú irin méjì tí ojú kò rí rí jáde: potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jó káàkiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, àìsàn gbé e ṣánlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá ní ọdún 1808, ẹfun ni ó kọjú sí. Iṣẹ́ náà le. Kálísíọ̀mù kì í fẹ́ dá wà: bí afẹ́fẹ́ tàbí omi bá ti kàn án, kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà di ẹfun. Davy ń rí àmì pé ó ń jáde, ṣùgbọ́n kò rí i mú. Nígbà náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ Berzelius, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Swídìn. Berzelius àti Pontin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo mákúrì, ohun olómi tí ó ń dán bí fàdákà, láti gba irin náà mú bí ó bá ti ń jáde. Davy tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ó sì mú un gbòòrò. Ó da ẹfun tútù pọ̀ mọ́ ohun pupa kan tí mákúrì wà nínú rẹ̀, ó fi mákúrì díẹ̀ sí i láàárín, ó rán agbára mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà ó fi ooru lé mákúrì lọ. Ohun tí ó ṣẹ́kù kéré, kò sì mọ́ tán, ṣùgbọ́n irin ni. Ó sọ ọ́ ní kálísíọ̀mù, láti inú orúkọ tí ẹfun ń jẹ́ ní èdè Látìnì.

Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bíi kìlógíráàmù kan irin yìí ni ó wà lára àgbàlagbà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 99 wà nínú egungun àti eyín. Ìwọ̀nba tí ó kù ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, kí iṣan ṣiṣẹ́, kí ọkàn sì máa lù. Bí oúnjẹ wa kò bá fún wa ní i tó, ara yóò lọ yá a lára egungun. Bí gbèsè náà bá pọ̀, egungun yóò di aláìlágbára. Ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò rí i tó lè tẹ̀. Wàrà, ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegun-teegun àti ewébẹ̀ ni orísun rẹ̀; oòrùn tí ó ń ta sí wa lára sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gbà á. Ilẹ̀ pàápàá nílò rẹ̀. Nínú ìwé tí Davy kọ fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 1813, ó ṣe àlàyé bí ẹfun ṣe ń tún ilẹ̀ oko ṣe.

Davy kò fi ìmọ̀ rẹ̀ kó owó jọ lórí ìyà ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1812, iná bú gbàmù nínú kòtò èédú ní Felling, ó sì pa ènìyàn 92, àgbà àti ọmọdé. Ní ọdún 1815 a ké sí Davy. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ṣe fìtílà tí a fi àwọ̀n irin wẹ́wẹ́ yí iná rẹ̀ ká, kí iná náà má lè ran afẹ́fẹ́ búburú inú kòtò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi òfin dè é, kí ẹnikẹ́ni tí yóò ṣe é máa sanwó fún un. Ó kọ̀.

Síbẹ̀ ènìyàn ni Davy, kì í ṣe áńgẹ́lì. Ní ọdún 1813 ó gba Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan, sí iṣẹ́, ó sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkìkí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, tí wọ́n fẹ́ gbà á sí ẹgbẹ́ Royal Society ní ọdún 1824, Davy, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ náà, lòdì sí i. Wọ́n gba Faraday síbẹ̀síbẹ̀.

Ara Davy kò le mọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú ní Geneva ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1829, ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo bí ọmọ tí baba rẹ̀ fi gbèsè sílẹ̀ fún ṣe fi ogún sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò dúró de ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹfun tí gbogbo ayé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó tẹjú mọ́, tí ó fi rí ohun tí ó gbé egungun wa ró.