Ọkùnrin Tó Di Kẹ̀kẹ́ ní Gàárì

Orúkọ kan wà lára ìjókòó kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Sandgrouse: Brooks. Láti kékeré ni mo ti ń rí i lára awọ náà. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

John Boultbee Brooks ni. Wọ́n bí i ní Hinckley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1846. Ó kó lọ sí Birmingham, ó sì dá iṣẹ́ awọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1866. Ìjánu àti ohun èlò ẹṣin ló ń ṣe. Ẹṣin náà ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, àfìgbà tí ẹṣin yẹn kú ní 1878, tí kò sì sí owó òmíràn lọ́wọ́. Ló bá yá kẹ̀kẹ́. Ìjókòó rẹ̀ le bí òkúta, ìdí rẹ̀ rí màbo.

Ẹlòmíràn ìbá padà sí ẹsẹ̀ rínrìn. Awọ ni Brooks mọ̀, awọ náà ló padà sí. Ní 1882 ó gba ìwé àṣẹ lórí ìjókòó tirẹ̀. Kò ki tìmùtìmù sínú rẹ̀ rárá. Ńṣe ló na awọ nípọn láàárín irin iwájú àti ti ẹ̀yìn, bí ẹni ṣán awọ ìlù. Bí awọ bá dẹ̀ jù, èèyàn á rì sínú rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ á sì ṣòfò. Bó bá le jù, ìdí á bó. Ẹni tó ń sáré ìdíje, tó tẹ̀ síwájú, tóóró ló ń fẹ́. Ẹni tó jókòó ṣánṣán pẹ̀lú ẹrù ń fẹ́ èyí tó fẹ̀, tó ní sípírín-ìn nísàlẹ̀. Irú ti bàbá àgbà nìyẹn, àwọn tó ń gba Afárá Carter lọ sí Iddo láràárọ̀.

(Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ti ẹṣin àti ti kẹ̀kẹ́. Àwa fi gàárì sílẹ̀ fún ẹṣin nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, n ò sọ̀rọ̀ gàrí.)

Brooks kú ní 1921. Awọ rẹ̀ a máa gba ìrísí ẹni tó ń gùn ún, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Màámi fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ náà fún oní-páńdukú. Mo gùn ún dé Adéníji Àdélé lọ́jọ́ Sátidé. Kòtò méjì wà lórí awọ náà, ìdí bàbá àgbà ló gbẹ́ wọn, wọn ò bá tèmi mu. Mo fún bóòtù iwájú díẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún Màámi pé a ò tà á.