Virginia Apgar: Obìnrin Tí Ó Kọ́ Wa Láti Wo Ọmọ Tuntun

Nínú yàrá ìgbẹ̀bí ní Bouaké, bí ó ti rí ní Abidjan àti ní Èjìgbò, a máa ń kọ iye kan láti 0 dé 10 sínú ìwé ìlera ọmọ tuntun. Apgar ni à ń pè é. Orúkọ ènìyàn ni. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùtọ́jú mọ obìnrin náà, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kan àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù ara gbọ̀ngbọ̀n.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Virginia Apgar ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 1909, ní Westfield, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ikọ́ ife pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di dókítà ní Yunifásítì Columbia ní ọdún 1933. Iṣẹ́ abẹ ni ó fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Allen Whipple, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yà sí iṣẹ́ oògùn amúnisùn, nítorí pé àtijẹ ṣòro fún obìnrin oníṣẹ́ abẹ nígbà náà. Ní ọdún 1949, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Columbia.

Bí ìwọ̀n náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ yìí mú un wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá ti bí ọmọ tán, ìyá ni gbogbo ojú ń wò. Ọmọ tí kò ké, tí ara rẹ̀ rí bí aró, tàbí tí ó ní àbùkù, a máa ń tẹ́ irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì kà á mọ́ òkú ọmọ. Àwọn kan nínú wọn ì bá yè bí a bá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mí.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan bi í léèrè bí a ṣe lè mọ ipò ọmọ tuntun, ó kọ ohun márùn-ún sórí tákàdá: lílù ọkàn, mímí, bí ẹran ara ṣe le sí, bí ọmọ ṣe ń dáhùn nígbà tí a bá ta á jí, àti àwọ̀ ara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn dókítà ní ọdún 1952, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1953. A ń kà á ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìṣẹ́jú karùn-ún. Ẹni tí yóò kọ iye yìí sílẹ̀ kò lè ṣàìwo ọmọ náà, kò sì lè ṣàìfọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí àbùkù àbímọ́

Ní ọdún 1959, ó gba oyè ìlera àwùjọ ní Johns Hopkins, ó sì dara pọ̀ mọ́ àjọ March of Dimes, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú láti àrùn rọpárọsẹ̀ sí àbùkù àbímọ́. Ó ń rìn kiri láti là àwọn òbí lọ́yẹ̀, kí ìtìjú má baà mú wọn fi ọmọ pamọ́. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ rubella ọdún 1964 sí 1965, tí ó ba ojú àti etí ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ láti inú oyún, ó polongo àjẹsára. Ó kú ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 1974.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Iye Apgar ń sọ ipò ọmọ ní ìṣẹ́jú náà. Kì í ṣe ìdájọ́ lórí ọjọ́ iwájú rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ dúró dè é: bí ọmọ kò bá mí, kí a ràn án lọ́wọ́ láti mí kí ìṣẹ́jú kìíní tó pé.

Bí ọmọ bá ní àbùkù tó le, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi CHU ti Bouaké.

- Bí ìfun bá wà níta, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ bò ó. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.
- Bí egbò bá wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ dá ọmọ dojú bolẹ̀ tàbí kí ẹ fi í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
- Bí itọ́ bá ń hó lẹ́nu rẹ̀ láìdá, ẹ má tíì fún un lọ́mú.
- Ẹ yẹ ihò ìdí gbogbo ọmọ wò.

Àwọn baba wa pe abuké, aràrá àti àfín ní ẹni òrìṣà. Wọn kò pè wọ́n ní ẹni àjùsọnù. Bí ọmọ kò bá tilẹ̀ lè yè, ó yẹ kí a nu ara rẹ̀, kí a fi aṣọ wé e, kí a sì gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà.